Igun Ìsàlẹ̀ Lápá Ọ̀tún

Ọkọ̀ ojú irin náà ń sáré lọ láàárín yìnyín, kò sì pariwo. Silia ti yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ kí ìyá àgbà tó ń sùn lórí ẹní má baà jí. Yìnyín bo òkè, ó bo igi, ó bo òrùlé àwọn ilé kéékèèké tó ń kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ó sì kún ojú tẹlifíṣọ̀n láti òkè dé ìsàlẹ̀ débi pé ògiri yàrá pàápàá dà bí ohun tó ń funfun lọ díẹ̀díẹ̀. Níta, oòrùn ọ̀sán erékùṣù Vava'u ń yan òrùlé páànù. Ajá sùn sábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan tí kò ní táyà mọ́. Nínú yàrá, Silia fa ẹsẹ̀ méjèèjì sábẹ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí òtútù ń mú.

Ẹnì kan wúkọ́ níta.

Paea ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ikọ́ yẹn kì í ṣe ti àìsàn. Bí Paea ṣe máa ń wúkọ́ nìyẹn bó bá ti ń sún mọ́ ilé, kí àbúrò rẹ̀ lè mọ̀ pé òun ń bọ̀. Bí Silia bá sì wà ní yàrá, Paea kì í wọlé. Gbogbo ilé ní abúlé wọn ló rí bẹ́ẹ̀: ọkùnrin kì í bá arábìnrin rẹ̀ jókòó ti tẹlifíṣọ̀n kan náà, kì í bá a ṣẹ̀fẹ̀, kì í sì í pàṣẹ fún un. Ọmọbìnrin ló ga jù, ì báà kéré lọ́jọ́ orí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Paea, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Silia, síbẹ̀ Paea ló máa ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀.

Silia gbọ́ ikọ́ náà, kò dìde. Ó mọ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí òun bá ti jókòó síbẹ̀, yàrá náà ti di tòun. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Paea tó yí padà lórí òkúta wẹ́wẹ́, tó sì jìnnà lọ sábẹ́ igi gbẹ̀rẹ̀fútù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyá wọn yọjú láti ilé ìdáná, ọ̀bẹ àti ẹ̀gẹ́ tí kò tíì bó tán wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Iṣẹ́ ilé ìwé náà ṣì ni?"

"Ẹ̀ẹ́n, Mọ́mì. Jọ́gíráfì."

Ìyá rẹ̀ wo yìnyín náà fún ìgbà díẹ̀. "Jọ́gíráfì yìí mà gùn o," ló wí, ó sì padà sídìí ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

Bàbá wọn ló fi kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n so mọ́ tẹlifíṣọ̀n náà ránṣẹ́ láti Ọsirélíà, níbi tó ti ń já èso ápù. Inú dúrọ́ọ̀mù kan ló kó o sí, àárín aṣọ òtútù, ọṣẹ àti agolo ẹran màlúù mẹ́rìnlélógún. Ìgbà tí dúrọ́ọ̀mù náà fi la òkun já, gbogbo agolo ti jókòó lé kọ̀ǹpútà lórí. Ìyá wọn ṣí i, ó rí ìlà dúdú tó ta kọjá ojú rẹ̀ bí òwú aláǹtakùn, ó pa á dé, ó sì jókòó lé ẹnu dúrọ́ọ̀mù.

Paea ló gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ kan tí Silia bá ẹgbẹ́ akọrin lọ dánra wò. Ó yá wáyà kan lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́, ó ki orí kan bọ kọ̀ǹpútà, ó ki èkejì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. "Ojú rẹ̀ ló fọ́," ló sọ fún ìyá wọn, "ọpọlọ rẹ̀ ò fọ́." Nígbà tí Silia fi dé, Paea ti gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ìwé pélébé kan aláwọ̀ ìyeyè, irú èyí tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ máa ń gbé sójú ara rẹ̀ téèyàn bá fẹ́ kọ nǹkan ránpẹ́, wà láàárín gbùngbùn ojú tẹlifíṣọ̀n. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé: "Silia, ó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi ka ìwé yín."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Silia fi ka ìwé lóòótọ́. Ìdánwò àṣekágbá ń bọ̀ lóṣù mélòó kan sí i. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan fún un ní fíìmù kan nínú fláàṣì. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú fíìmù náà, kò sí ìjà, kò sí ìfẹ́. Wọ́n kàn gbé kámẹ́rà síwájú ọkọ̀ ojú irin kan ní ilẹ̀ olótùútù kan, ó sì ń lọ, ó ń lọ, wákàtí méje gbáko. Silia kò rí ohun tó rí bẹ́ẹ̀ rí. Ní erékùṣù tí a bi í sí, téèyàn bá fi wákàtí kan rin ọ̀nà èyíkéyìí, òkun ni yóò bá pàdé. Àmọ́ ọ̀nà inú tẹlifíṣọ̀n yìí kò ní òkun nípẹ̀kun.

Ó tún rí bọ́tìnnì kan lára rìmóòtù tó máa ń fẹ àwòrán. Ó tẹ̀ ẹ́. Àwòrán náà wú, ó fẹ̀ kọjá férémù tẹlifíṣọ̀n, etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wọlẹ̀ lọ. Aago kékeré tó máa ń wà ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún bá etí yẹn lọ. Inú Silia dùn sí i bẹ́ẹ̀. Yìnyín tí kò ní etí, ọ̀sán tí kò ní aago.

Ohun kan ṣoṣo ló ń rú u lójú. Lójoojúmọ́, bó bá ti ilé ìwé dé, àwòrán á ti padà sí kékeré. Ó rò pé tẹlifíṣọ̀n náà ló máa ń gbàgbé. Nítorí náà ó ti mọ́ ọn lára: ojú tẹlifíṣọ̀n á ṣì dúdú nígbà tí ìka rẹ̀ á ti wà lórí bọ́tìnnì yẹn, kò sì ní gbé e kúrò títí ohun gbogbo fi máa tóbi.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, Silia dé láti ilé ìwé ní nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀, ó bọ́ aṣọ ilé ìwé, ó sì jókòó. Ìyá rẹ̀ ti lọ bá àwọn obìnrin abúlé hun ẹní ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá àgbà nìkan ló wà nílé, ó ń tòògbé lórí ẹní.

Paea wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Silia gba àárín gíláàsì fèrèsé wò ó. Paea ti wẹ̀, ó ti ya irun rẹ̀, ó sì ró ẹní mọ́ ìdí, ẹní àtàtà tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún un, èyí tí ọkùnrin kì í ró àfi bó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí síbi òkú, tàbí bó bá fẹ́ dúró níwájú àwọn èèyàn pàtàkì. Ó jókòó lórí gbòǹgbò igi gbẹ̀rẹ̀fútù, ó kó ọwọ́ lé orúnkún, ó ń wo ilẹ̀kùn.

"Arákùnrin rẹ wà níta," ni ìyá àgbà wí láì la ojú.

"Ibi òkú ló ń lọ, Màmá àgbà. Ó ró ẹní."

"Òkú ta ni? N kò gbọ́ lórí rédíò."

Silia ti yíjú padà sí tẹlifíṣọ̀n. Ọkọ̀ ojú irin ń wọ inú ihò òkè kan lọ, ojú tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn, ó wá kù bí ẹyọ ìràwọ̀ kan lọ́ọ̀ọ́kán, ìràwọ̀ náà ń tóbi, ó ń tóbi, títí yìnyín fi tún tú jáde sí gbogbo yàrá. Àsìkò yẹn ni Paea wúkọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ṣùgbọ́n ìyẹn kò le tó ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, kò sí ikọ́ mọ́.

Nígbà tí Silia tún wo ìta, òjìji igi ti gùn dé ẹnu ọ̀nà. Paea dìde, ó tú okùn ìdí rẹ̀, ó ká ẹní náà jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń ká ohun tó lè ya, ó sì gbé e kọ́ apá rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé.

Ìyá àgbà ti jókòó, ó rí i. "Ó jọ pé òkú náà ti jí," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. Silia bá a rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Silia mú rìmóòtù, ó tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn. Ó yí i wò. Kò sí bátìrì nínú rẹ̀. Ìyá àgbà ti yọ bátìrì náà sínú rédíò rẹ̀, ó fẹ́ gbọ́ irú òkú tí Paea ró ẹní tìtorí rẹ̀, kò sì tíì gbọ́ títí di àsìkò yẹn. Silia fi ọwọ́ wá bọ́tìnnì lára tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀, ó tàn án. Kò sí ohun tó lè fi fẹ àwòrán. Ojú kọ̀ǹpútà yọ ní kékeré, tòun ti etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, lókè aago gan-an, ìwé pélébé aláwọ̀ ìyeyè mẹ́rin tò tẹ̀ léra.

Ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló wà lókè. "Silia, ẹ pẹ̀lẹ́. Ilé ìwé àwọn atukọ̀ ti dá mi lóhùn. Orí kọ̀ǹpútà ni màá ti ṣe ìdánwò wọn lọ́jọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin sí márùn-ún. N kò tíì sọ fún Mọ́mì, mo fẹ́ kó jẹ́ ìgbà tí mo bá yege. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi yàrá sílẹ̀ fún wákàtí kan yẹn. Mo fi ìwé yìí sí igun kó má baà bo iṣẹ́ yín."

Ti Ọjọ́rú tẹ̀ lé e. "N kò mọ̀ bóyá ẹ rí ti àná. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ yín pọ̀."

Ti Ọjọ́bọ̀: "Ọ̀la ni. Bí kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ má ṣe ìyọnu láti dá mi lóhùn. Yóò yé mi."

Ti ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn kò ju ìlà kan lọ. "Kò burú. Ẹ kú iṣẹ́ ìwé."

Silia kà wọ́n tán, ó tún kà wọ́n. Gbogbo nǹkan tó ti rú u lójú bẹ̀rẹ̀ sí í so pọ̀ níkọ̀ọ̀kan. Tẹlifíṣọ̀n kò gbàgbé nǹkan kan rí. Lójoojúmọ́, ní ìdájí, kí Paea tó bá ọkọ̀ àwọn alágbàṣe lọ sóko fànílà, níbi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ ran àwọn òdòdó lọ́wọ́ láti so èso kí oòrùn tó pa wọ́n, ó máa ń tan tẹlifíṣọ̀n láti wo bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí. Òun ló ń dá àwòrán padà sí bó ṣe yẹ. Ní ọ̀sán, Silia á tún fẹ̀ ẹ́. Paea ń kọ̀wé sí etí, Silia ń gé etí dànù. Ikọ́ mẹ́ta ọjọ́ Ẹtì, irun tó yà, ẹní tó ró. Ó ró ẹní nítorí ìdánwò. Kò sí òkú níbì kankan.

Ẹnìkan ṣoṣo ló sọ àṣírí ọ̀rọ̀ náà fún láyé, ẹni náà sì ń wo yìnyín.

Silia lè pa àwọn ìwé náà rẹ́. Ó gbé ìka lé e. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Paea kò lè bi í léèrè láé, wọn kì í bi arábìnrin ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ohun tó dùn ún jù nìyẹn. Ó gbé ìka rẹ̀ kúrò, ó sì lọ bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń sá aṣọ.

Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí fláàṣì dé orí bọ́tìnnì. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ tán láì dá a dúró. Lẹ́yìn náà ó ní kó fi yìnyín náà han òun. Àwọn méjèèjì jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ̀ ojú irin ń sáré láàárín igi funfun.

"Ó dára lójú lóòótọ́," ni ìyá rẹ̀ wí níkẹyìn. "Ibo ló ti gbé ẹ dé?"

Silia pa fíìmù náà. Ìyá rẹ̀ kò sì fún un ní ìyà kankan ju pé Silia fúnra rẹ̀ ni yóò kọ̀wé sí ilé ìwé àwọn atukọ̀, yóò sọ ohun tó ṣe, yóò sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i.

Lẹ́tà náà gbà á ní odindi ọ̀sán kan. Èyí tó kọ sí Paea gbà á jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Ó fi í sí àárín gbùngbùn: "Paea, n kò rí wọn. Èmi ni mo fẹ àwòrán títí mo fi gé ọ kúrò. Jọ̀ọ́, má bínú."

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, èsì ti wà ní igun. "Ọkàn mi ti fúyẹ́. Mo rò pé ẹ rí i ni, tí ẹ sì kọ̀. Kí ni ẹ ń wò gan-an?"

Silia ṣí fíìmù náà sílẹ̀ fún un. Nígbà tó máa di ọjọ́ kejì, ìwé mìíràn ti wà níbẹ̀: "Mo wò ó fún ogún ìṣẹ́jú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́ débi ọkọ̀. Ta ló ń kó yìnyín kúrò lójú irin? Ẹ̀rù ń bà mí fún onítọ̀hún." Silia rẹ́rìn-ín nìkan nínú yàrá. Kò rántí ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pa á lẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Èsì ilé ìwé atukọ̀ dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Wọ́n dúpẹ́ pé ó sọ òótọ́, ṣùgbọ́n àyè ọdún náà ti kún. Kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe. Ìdánwò mìíràn ń bọ̀ ní oṣù Kejì ọdún tuntun. Oṣù márùn-ún ni Paea fi wà lóko fànílà nítorí ọ̀sán kan ṣoṣo, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tó lè dá ọ̀sán yẹn padà.

Silia wá bẹ̀rẹ̀ ohun kan. Bó bá ti parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, yóò fi ìṣirò kan sílẹ̀ ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún: ọkọ̀ ojú omi méjì tó kúrò ní èbúté kan náà, ìjì tó ń yípo, ìgò epo tó ń jò. Ní ìdájí, Paea á yanjú rẹ̀. Bó bá ṣì í, Silia á ṣàlàyé. Kó tó lè ṣàlàyé, òun náà ní láti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Báyìí ni ìdánwò Silia fi dé ní ìparí ọdún tó sì bá a ní ìmúrasílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣòfò sídìí yìnyín.

Oṣù Kejì dé pẹ̀lú òjò. Ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Silia gbé ẹní ìyá àgbà lọ sí ilé ìdáná, ó mú ìyá àgbà fúnra rẹ̀ dání, ó sì fi yàrá sílẹ̀. Paea wọlé. Ó ti wẹ̀, ó ti ya irun, ó sì ró ẹní mọ́ ìdí.

"Ta ló fẹ́ rí i tó fi ró ẹní?" ni ìyá àgbà béèrè. "Ṣé tẹlifíṣọ̀n ni?"

"Tẹlifíṣọ̀n ni, Màmá àgbà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kó má fojú di í."

Òjò bẹ̀rẹ̀, ó ń lu páànù bí ẹni ń da ẹ̀wà sórí àwo. Nígbà kan iná ṣẹ́jú ní gbogbo abúlé, ó lọ, ó tún dé, ọkàn Silia sì bá a lọ, ó bá a dé. Ó gbàgbé ìwé rẹ̀ sílé, ó gbàgbé bàtà rẹ̀, kòkòrò ń jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Kò sún mọ́ ilé. Ó kàn jókòó, ó ń wo omi tó ń ṣàn láti etí òrùlé, omi funfun nínú ìmọ́lẹ̀ funfun, títí òkè òdìkejì fi rá mọ́ ojú. Ó dà bí yìnyín díẹ̀.

Nígbà tó dá a lójú pé aago márùn-ún ti kọjá, ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró. Ó wúkọ́.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dún. Paea ti jáde. Silia wọlé, ó rí ojú kọ̀ǹpútà ní kékeré, tòun ti gbogbo etí rẹ̀. Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Lókè aago náà, ìwé pélébé kan: "Mo parí rẹ̀. Ìbéèrè kẹtàdínlógún, ìgò epo yín tó ń jò ni."

Ọjọ́ yẹn ló yé Silia yékéyéké. Ẹni tó bá fẹ́ kí ohun tòun kún gbogbo àyè yóò gé ẹnì kan dànù láì mọ̀. Ẹni tó bá sì ń bọ̀wọ̀ fún wa jù kì í pariwo, igun ló máa ń dúró sí, nítorí náà àwa ló yẹ ká máa wo igun. Ó mú rìmóòtù, ó gbé e sókè orí kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ti ní í yá sí i.

Paea yege, ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde, ó sì ti ń gba òkun kọjá báyìí nínú ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù ńlá kan. Ní ìgbà òtútù tó kọjá, ó fi àwòrán kan ránṣẹ́: èbúté kan tí yìnyín bò, àti òun fúnra rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àwòrán, ó kéré, ó gbé ṣọ́bìrì dání. Òun ló ń kó yìnyín náà kúrò.

Silia fi àwòrán náà sí ojú kọ̀ǹpútà. Kò fẹ̀ ẹ́. Kì í sì í gbé nǹkan kan sí igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún.